Gbèsè Ló Gbé Davies Dé Oko Kòkó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ danfo láti Mushin lọ Agége, ṣé ẹ mọ̀ pé oko kòkó ló wà lọ́nà ibẹ̀ rí?

Sierra Leone ni wọ́n ti bí James Pinson Labulo Davies ní 1828, ọmọ àwọn òbí Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ó di oníṣòwò ńlá l'Ékòó. Gbèsè wó òwò náà láàárín ọdún 1870 sí 1880. Ló bá gba Ìjọ̀n lọ, nítòsí Agége, ó gbin kòkó. Ní 1880, Sarah Forbes Bonetta, ìyàwó ẹ̀, kú. Davies ò fi oko sílẹ̀.

Àwọn lébìrà oko Agége ló gbé iṣẹ́ kòkó padà sílé wọn. Owó kòkó wà lára ohun tí Awólọ́wọ̀ fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Lójú tèmi, àwọn lébìrà yẹn náà yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ.