Ìrìn Ẹsẹ̀ Àlejò ní Ìlú Ọ̀fà

Nígbà tí àlejò bá ní ìlú kan ṣeé fẹsẹ̀ rìn, kì í ṣe bí ọ̀nà ṣe jìn tó nìkan ló ń rò. Jeff Speck, ará Amẹ́ríkà tó kọ Walkable City ní ọdún 2012, ní ohun mẹ́rin ló ń mú ìrìn wuni: kó wúlò, kó má léwu, kó tuni lára, kó sì ní ohun tí ojú ń wò. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló tó ọ̀rọ̀ sọ jù ní Ọ̀fà, ìpínlẹ̀ Kwárà.

Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n tẹ ìlú Yorùbá àtijọ́ dó fún. Ààfin wà láàrin, ọjà wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà sì ń ti ibẹ̀ pẹ̀ka gba àárín agbo-ilé lọ sí ẹnubodè. Ìyẹn ti pẹ́ kí ojú irin Èkó tó gba Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin, kí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gba títì. Lónìí, àlejò a máa fojú kan wo iwájú, a fi ìkejì wo gọ́tà. Ìgbà òjò tún burú ju ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ.

Ní ti ohun tí ojú ń wò, ẹnu ni ìtàn Ọ̀fà pọ̀ sí ju ara ògiri lọ. Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan, ọmọ ọba láti Ọ̀yọ́, ni ìtàn sọ pé ó tẹ ìlú náà dó. Ìjàkadì ni wọ́n fi ń ki Ọ̀fà, ànàmọ́ ni wọ́n sì mọ oko rẹ̀ mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1890, ogun Ìlọrin tú ìlú náà ká. Àwọn tó sá lọ ló tẹ Ọ̀fàtẹ̀dó dó ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun. Ta ni yóò rí gbogbo ìyẹn lára ṣọ́ọ̀bù tó tò sí ẹ̀bá títì? Ìtàn ní ọmọ Ọ̀fà ni Mọrèmi, akọni obìnrin, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ni ère rẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42 wà láti ọdún 2016, tí àlejò ń rí i láìbéèrè.

Ẹ wo ibòmíràn: ní Ouidah, orílẹ̀-èdè Benin, àlejò ń fínnú-fíndọ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin lójú ọ̀nà tí wọ́n kó ẹrú gbà dé etí òkun. Ère tó wà lọ́nà ni kì í jẹ́ kó sú wọn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fọwọ́ sí ní ọdún 2005, náà rí bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ ọnà Susanne Wenger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ wọnú igbó, òjìji igi sì wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìkíni kì í ṣìnà ní Ọ̀fà, nítorí ará ìlú á sìn ín débi tó ń lọ. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní àǹfààní yìí. Kí àwọn aláṣẹ tó náwó lé títì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ri pátákó ìtàn sí ẹnu ọ̀nà àwọn agbo-ilé àtijọ́.