Ibi Tí Ìyá Rainbow Ti Rí Orúkọ

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Òde ní Gáréèjì Ìkòròdú, ẹ máa gba Ìtòkín dé ìlú tí wọ́n ti bí màmá Ìdòwú Philips lọ́dún 1942. Ẹ ò mọ̀ wọ́n? Ìyá Rainbow ni mò ń sọ!

Ipa tí òṣèré ń kó ló sábà máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Ní Amẹ́ríkà, Amanda Blake ṣe Miss Kitty nínú Gunsmoke, eré kábọ́ì orí tẹlifíṣọ̀n, láti 1955 di 1974. Miss Kitty ni ọ̀pọ̀ òǹwòran mọ̀ ọ́n sí.

Ti màmá yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọkọ wọn, Augustine Ayanfemi Philips, ló dá ẹgbẹ́ eré Òṣùmàrè sílẹ̀. Ẹ tú òṣùmàrè sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo ohun tó máa jáde. Ọkọ ti kú tipẹ́. Àmọ́ bóyá àjẹ́ ni màmá ṣe nínú fíìmù ni o, bóyá ìyá aládùúrà ni (ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù), orúkọ ẹgbẹ́ ọkọ wọn la ṣì ń pè.