Òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́

Òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó gùn tó kìlómítà 49. Ó wà lára àwọn ọ̀nà tí a mọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ aládàáni pawọ́ pọ̀ ṣe.

Ní ọdún 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ náà bá ilé-iṣẹ́ Lekki Concession Company (LCC) ṣe àdéhùn ọgbọ̀n ọdún. Ilé-iṣẹ́ náà ni yóò wá owó, tí yóò tún ọ̀nà náà ṣe, tí yóò sì mú un gbòòrò sí i. Yóò máa gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ láti fi san gbèsè kí ó sì jèrè, lẹ́yìn náà ni yóò dá ọ̀nà padà fún ìjọba. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà fọwọ́ sí yíyá wọn ní mílíọ̀nù 85 dọ́là ní ọdún 2008.

Orí owó ibodè ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ará àdúgbò ti ń gbà á tẹ́lẹ̀. Nígbà tí gbígba owó bẹ̀rẹ̀ ní tóògéètì Admiralty ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2011, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Iye ọkọ̀ tí yóò kọjá àti iye tí wọn yóò san ni a gbé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kà, kò sì rọrùn kí ó dúró bí àwọn tí yóò sanwó kò bá gbà.

Ní ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ ra ẹ̀tọ́ náà padà, bí ó tilẹ̀ ṣẹ́ ku ohun tí ó ju ogún ọdún lọ nínú àdéhùn náà. LCC di ti ìjọba, tòun ti gbèsè rẹ̀. Gbígba owó dúró ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn sí àwọn tí ń ṣe ìwọ́de EndSARS ní tóògéètì náà.