Iná Súyà ní Sábó

Kí ojú irin tó so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912, ẹsẹ̀ ni àwọn Haúsá fi ń da màlúù wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1916 ni wọ́n ya àdúgbò Sábó sọ́tọ̀ fún wọn n'Íbàdàn. Obì àti màlúù ni òwò wọn.

Súyà náà bá wọn dé. Onísúyà á gé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á tò ó sára igi, á yí i nínú yájì: kúlíkúlí lílọ̀, ata àti atalẹ̀. Òróró ẹ̀pà ni kì í jẹ́ kó gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sun ún nílé, ẹ jẹ́ kó jìnnà díẹ̀ sí ẹyín iná, kó má baà jóná. Èéfín lásán kọ́ là ń jẹ.