Ibi Tí Nọ́ńbà Ń Gbé: Bí Wọ́n Ṣe Ń To Àkójọ Dátà Nínú Ìdarí Iná, Gáàsì àti Odò, láti Bantè dé Òṣogbo

Iná mànàmáná tó ń tàn ní Bantè, ní Gouka, ní Pira àti ní Savalou kò ní orísun kan ṣoṣo. Àjọ SBEE ló ń pín in dé ilé, àmọ́ kó tó dé ọwọ́ wọn, ó lè ti wá láti ìsédò Akosombo ní Gánà, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1965. Ó lè ti wá láti Nangbéto lórí odò Mono ní Tógò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Ó lè ti gba orí wáyà 330,000 fólítì tó so Ìkẹjà mọ́ Sakété láti 2007. Ó sì lè jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì méje tó wà ní Maria-Gléta, lẹ́bàá Kùtọnú, ló ti jáde: ilé iṣẹ́ mẹ́gáwáàtì 127 tí wọ́n ṣí ní 2019, tó lè jó gáàsì tàbí epo. Obìnrin tó ń ta omi tútù ní ọjà Bantè kò mọ èyí tó ń lò lọ́wọ́, kò sì pọn dandan kó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ẹni náà kì í fojú rí iná. Nọ́ńbà ló ń rí. Láti ìsàlẹ̀ odò dé orí òpó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kéékèèké ló ń wọn nǹkan láìdákẹ́: gíga omi, ìfúnpá gáàsì, ooru òróró inú tiransífọ́mà, iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó yẹ kó jẹ́ 50. Níbo ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ń gbé? Báwo ni wọ́n ṣe tò wọ́n, ta ló sì lè rí wọn bó bá di ọ̀la? Ìtò yìí ló ń pinnu bóyá òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ máa mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó bàjẹ́. Òun náà ló ń pinnu bóyá ará ìlú máa rí ìdáhùn gbà lẹ́yìn tó bá ti bàjẹ́ tán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdarí iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá, àkójọ dátà tó wà níbẹ̀ kì í sábà dín ní márùn-ún, àkókò ló sì ya mẹ́rin àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ síra wọn. Òmíràn kì í rántí ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, òmíràn ń rántí ogún ọdún.

Èyí tó kéré jù wà nínú ẹ̀rọ ìdarí tí wọ́n ń pè ní PLC, tó máa ń wà nínú àpótí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí ilẹ̀kùn omi. Modicon 084, tí Dick Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1960, wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni PLC ń dì mú. Bí wọ́n bá ṣètò ẹ̀rọ tó ń wọn gíga omi kí 4 mílíáńpìà dúró fún òfo, kí 20 mílíáńpìà dúró fún mítà 10, nígbà tí wáyà bá gbé 12 wá, PLC á kà á sí mítà 5. Bí wáyà kò bá gbé nǹkan kan wá rárá, kì í ṣe pé omi ti tán. Wáyà ló já. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n náà fi bẹ̀rẹ̀ láti 4, tí kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo, ọgbọ́n kékeré yìí sì ti yọ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ nínú àṣìṣe ńlá. Kí a tó ṣẹ́jú, nọ́ńbà mìíràn ti dé, ti àkọ́kọ́ ti parẹ́.

Láti ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń lọ sí yàrá ìdarí, sínú àkójọ kejì. Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ojú-ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní táàgì. Wọn kì í sọ ọ́ lórúkọ bó ṣe wù wọ́n: nínú ìlànà ISA-5.1, L dúró fún gíga ohun olómi, P fún ìfúnpá, T fún ooru, F fún ìṣàn, nítorí náà PT-101 jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi ìfúnpá ránṣẹ́. Lẹ́yìn orúkọ ni àpèjúwe, ẹyọ ìwọ̀n, ibi tí ìwọ̀n náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, àti ààlà ìkìlọ̀ mẹ́rin: ó ga, ó ga jù, ó wálẹ̀, ó wálẹ̀ jù. Nọ́ńbà fúnra rẹ̀ wà láàárín gbogbo èyí. Ohun méjì mìíràn ló wá ń jẹ́ kó ṣeé gbára lé: àkókò tí wọ́n wọ̀n ọ́n, àti àmì tó ń sọ bóyá ó dára, kò dájú, tàbí kò dára. Ìfúnpá tó dúró sójú kan náà láti àná lè jẹ́ àlàáfíà. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ìwọ̀n ti kú láti àná. Bí ilé iṣẹ́ bá fi ààyè àmì yìí sílẹ̀ lófìfo kí iṣẹ́ lè rọrùn, gbogbo nọ́ńbà yòókù ti di ohun tí a ń méfò.

EPICS ló fi ìtò yìí hàn kedere jù. Sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ ni, tí àwọn onímọ̀ ní Los Alamos àti Argonne ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 láti fi darí àwọn ẹ̀rọ ìwádìí ńlá tó ń mú kí ẹ̀yà átọ́mù sáré. Nínú EPICS, àkójọ dátà kì í ṣe ibi tí nọ́ńbà kàn ń sùn sí. Òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Àkọsílẹ̀ kan á ka ìwọ̀n wá. Bó bá ti parí, á jí àkọsílẹ̀ kejì tó ń ṣírò. Ìyẹn á jí ẹ̀kẹta tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ààyè kan nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìgbà tó máa jí: lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tàbí kìkì ìgbà tí nǹkan bá yí padà. Ẹni tó bá lè ka irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tinú tòde ti mọ bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Èyí yàtọ̀ gidigidi sí irú àkójọ tí Edgar Codd ṣàlàyé ní 1970, tó jẹ́ tábìlì tó so mọ́ tábìlì, tí báńkì àti ọ́fíìsì ìjọba ń lò káàkiri. Ìyẹn dára púpọ̀ fún ìbéèrè bí i: àwọn oníbàárà wo ni kò tíì san owó iná ní Savalou? Ṣùgbọ́n ká ní ojú-ìwọ̀n 5,000 ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà 432,000,000 ló máa wọlé lóòjọ́, ilẹ̀kùn omi kò sì lè dúró kí ìdáhùn dé.

Páìpù gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jẹ́ ká rí ohun tí àkókò jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kìlómítà 678 ni. Ó gbéra láti Itoki ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Badagry wọ inú òkun, ó yà sí Kùtọnú, Lomé àti Tema, ó sì parí sí Takoradi. Ní ìparí oṣù Ògún ọdún 2012, àwọn ajalèlókun kọlu ọkọ̀ kan nítòsí Lomé, ìdákọ̀ró ọkọ̀ náà sì fa páìpù já. Ó di ọdún 2013 kí gáàsì tó tún ṣàn dé Gánà. Irú ìjàǹbá báyìí, lábẹ́ òkun tí ojú ènìyàn kò tó, inú nọ́ńbà ló ti ń kọ́kọ́ hàn: ìfúnpá á wálẹ̀ ní ibùdó kan, lẹ́yìn náà ní èkejì, ohun tó wọlé kò sì ní bá ohun tó jáde mu mọ́. Láti fi èyí mọ ibi tí páìpù ti já, aago ibùdó méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀kan bá fi ìṣẹ́jú kan péré lọ́ra, ìṣirò á nàka sí ibi tí nǹkan kan ò ṣe.

Àkójọ kẹta ni ti ìtàn, tí wọ́n ń pè ní historian. Ilé iṣẹ́ tí J. Patrick Kennedy dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 1980, tó wá ń jẹ́ OSIsoft, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri ayé pẹ̀lú sọ́fítíwià PI. AVEVA ra ilé iṣẹ́ náà ní 2021. Mímọ ohun tó ṣeé gbàgbé ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà kan tí E. H. Bristol ti ilé iṣẹ́ Foxboro gba ìwé-ẹ̀rí ìṣẹ̀dá (patent) lé lórí ní 1987 ń ṣe é báyìí: bí nọ́ńbà bá ń lọ lórí ìlà tó gún, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà náà nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, bó bá yà kúrò lórí ìlà ju àyè tí wọ́n fún un lọ, ìgbà náà ni wọ́n á kọ tuntun. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ lè di nọ́ńbà méjì péré. Àyè yẹn, ènìyàn ló yàn án, nígbà púpọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni padà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sílẹ̀ fún gíga omi, gbogbo ìgbéra tí kò tó bẹ́ẹ̀ ti lọ, kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà.

Ní Nangbéto, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti iná. Túbáìnì méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n lè mú nǹkan bí mẹ́gáwáàtì 65 wá. CEB ló ni ín, àjọ tí Tógò àti Dahomey, ìyẹn Bẹ̀nẹ̀ òní, jọ dá sílẹ̀ ní 1968. Bí Mono ti ń sún mọ́ òkun, òun ni ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì, àwọn tó ń dáko létí rẹ̀ lágbègbè Athiémé àti Grand-Popo sì mọ ohun tí ìkún omi ń ṣe fún àgbàdo àti fún ilé amọ̀. Red Cross Tógò àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn wá lo sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ FUNES, tó ń fi òjò tó rọ̀ àti ìṣe ìsédò náà sàsọtẹ́lẹ̀ ewu ìkún omi nísàlẹ̀ odò, kí ìrànwọ́ lè ṣáájú omi dé. Irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni. Bí àkọsílẹ̀ bá ní ihò, àsọtẹ́lẹ̀ náà á ní ihò. Nítorí náà, àyè tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan yàn fún ìpamọ́ gíga omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan ẹni tí oko rẹ̀ wà létí odò, ó sì yẹ kí ẹnìkan bi í léèrè.

Àkójọ kẹrin ni ti ìṣẹ̀lẹ̀ àti ìkìlọ̀. Ohun tó ń pa á lára lè jẹ́ àpọ̀jù, ó sì lè jẹ́ ìdákẹ́. Ní ilé ìfọpo Texaco ní Milford Haven, ní Wales, ní oṣù Agẹmọ ọdún 1994, ìkìlọ̀ 275 ló ya lu òṣìṣẹ́ méjì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 tó kẹ́yìn kí ìbúgbàù tó ṣẹlẹ̀. Èwo ni kí wọ́n kà? Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún ọdún 2003 ẹ̀wẹ̀, sọ́fítíwià ìkìlọ̀ ilé iṣẹ́ FirstEnergy ní Ohio kú láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé kò sí wàhálà nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà dákẹ́. Nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 50 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló bá ara wọn nínú òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Bantè gbọ̀ngbọ̀n. Bí iná bá lọ lálẹ́, tí àwọn ènìyàn ní délestage, ìyẹn iná tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa, tún dé, ó lè jẹ́ ẹ̀ka igi ló wó lu wáyà SBEE. Ó lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì kan ló dúró ní Maria-Gléta. Ó sì lè jẹ́ pé Nàìjíríà, tí ilé ìdarí àgbà iná rẹ̀ wà ní Òṣogbo, ni nǹkan ti ṣẹ̀ wá. Lórí wáyà tó so orílẹ̀-èdè pọ̀, ìṣubú kan lè fa òmíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ṣubú ni gbogbo ìbéèrè ń wá. Àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ ló lè dáhùn, tó bá jẹ́ pé ó kọ àkókò dé ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, tí ibùdó gbogbo sì ń gba aago láti ara sátẹ́láìtì GPS. WAPP, àjọ iná tí ECOWAS dá sílẹ̀ ní 1999, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kùtọnú, ti fi ibùdó ìsọfúnni àti ìṣọ̀kan rẹ̀ sí Abomey-Calavi. Inú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè gbogbo pàdé.

Àkójọ karùn-ún ni ẹnikẹ́ni kì í sábà dárúkọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú ẹni tó kọ èyí: àkójọ ètò. Inú rẹ̀ ni gbogbo orúkọ táàgì wà, àdírẹ́sì wáyà, ààlà ìkìlọ̀, ìṣirò, àti ẹ̀dà ètò tí PLC kọ̀ọ̀kan ń lò. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè tún ilé iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tí kò ní in á máa bẹ ẹni tó kọ́ ọ. Àwọn ọ̀tá mọ iyì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú àṣírí kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Stuxnet ní 2010, a rí i pé ó ń gba ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà tí Siemens ti kọ mọ́ inú sọ́fítíwià WinCC wọlé sínú àkójọ dátà rẹ̀. Ìdí nìyí tí ètò ìpele tí Theodore Williams ti Yunifásítì Purdue fi lọ́lẹ̀ ṣì wúlò: ẹ̀rọ nísàlẹ̀, yàrá ìdarí lókè rẹ̀, ọ́fíìsì lókè pátápátá, kí ẹ̀dà dátà máa gòkè, kí àṣẹ má sì kàn já wálẹ̀ láti ọ́fíìsì.

Bí ìjọba bá ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn fún ilé iṣẹ́ iná, omi tàbí gáàsì, iye mẹ́gáwáàtì ni gbogbo ìròyìn ń sọ. Ó yẹ kí ìlà mẹ́ta wà nínú ìwé náà pẹ̀lú: pé àkójọ ètò pátá jẹ́ ti onílé iṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀dà tuntun lọ́dọọdún, pé ìtàn inú historian á ṣeé kó jáde sínú fáìlì lásán tí kọ̀ǹpútà yòówù lè kà, àti pé aago ibẹ̀ á bá ti Calavi mu.

Ní Bantè fúnra rẹ̀, a lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ẹ̀rọ olówó gọbọi. Kí àwọn òṣìṣẹ́ SBEE máa kọ wáyà tí iná ti lọ, ìgbà tó lọ, ìgbà tó padà, àti ohun tó fà á, kí wọ́n sì fún ọ́fíìsì mẹ́yọ̀ Bantè àti ti Savalou ní ẹ̀dà lóṣooṣù. Ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú fìríìjì nílò rẹ̀, àwọn tó ń ṣe èso kajú náà nílò rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ọdún kan péré tó láti mọ̀ bóyá igi ẹ̀bá ọ̀nà Savalou sí Bantè ló yẹ kí wọ́n gé, tàbí Kùtọnú ló yẹ kí wọ́n gba lọ.