Ọwọ́ Ọmọ Kò Tíì Le

Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀dọ́ bá ṣe iṣẹ́ tí kò dán tó ni àgbà máa ń pa òwe yìí, kì í sì í ṣe láti fi bú u. Ó ń bá a bẹ̀bẹ̀ ni, pé ọwọ́ tó rí wúruwùru lónìí, iṣẹ́ ló ń kọ́. Ó wù mí kí gbogbo jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lábẹ́ ìjọ Kristi rántí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ki pẹ́ńsùlù bọ ọmọ ọdún 2 lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń nà án bí ìlà rẹ̀ bá wọ́.

Egungun kéékèèké 8 ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Lọ́jọ́ tí a bí ọmọ, kò sí ọ̀kan tó tíì le nínú wọn. Bí ọmọ bá pé ọdún 3, bíi 3 péré ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Èyí tó kẹ́yìn lè dúró di ìgbà tí ọmọ bá kọjá ọdún 8. Kí ni ẹgba fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Amọ̀ pípò, ẹ̀pà bíbó, ẹ̀wà ṣíṣà, yanrìn tí ọmọ fi ń kọ́lé, ohun tó ń fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lágbára nìyẹn. Àwọn ìyá wa mọ èyí kí ilé-ìwé tó dé.

Friedrich Froebel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Pásítọ̀ ìjọ Luther ló bí i ní 1782. Nígbà tó dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní 1837, bọ́ọ̀lù òwú, igi gígé, orin àti ọgbà ló fi ń kọ́ wọn. Ó gbà pé nínú eré ni ọmọ ti ń rí bí Ọlọ́run ṣe so ẹ̀dá pọ̀. Ìjọba Prussia nílẹ̀ Jámánì pe ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ti àìgbàgbọ́, wọ́n fòfin de irú ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1851. Froebel kú lọ́dún kejì. Òfin náà wà títí di 1860.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú Máàkù orí 10, Jésù gbé àwọn ọmọdé mọ́ra, ó súre fún wọn. Kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀.

Mo mọ̀ pé òbí tó sanwó ń fẹ́ rí ìwé tó kún. Ẹ̀yin olùṣọ́ àgùntàn tẹ́ ẹ ni ilé-ìwé wọ̀nyí, tiyín ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí pẹpẹ, ẹ gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà, kẹ́ ẹ sì wá amọ̀ fún àwọn ọmọ.