Nígbà tí Ìbàdàn lọ, Èkìtìparapọ̀ tú

Kí ìpàdé Sátidé tó dé, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ìtàn kan.

Ní 1878, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àtàwọn aládùúgbò wọn kan para pọ̀ láti lé Ìbàdàn àtàwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ kúrò nílùú wọn. Èkìtìparapọ̀ nìyẹn. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ló wá di olórí ogun. Àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó náà ò káwọ́ gbera: wọ́n dá ẹgbẹ́ (bíi tiwa yìí gan-an), wọ́n dáwó, wọ́n fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sójú ogun Kírìjì.

Ní September 1886 wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé àwọn ìlú náà ti bọ́ lábẹ́ Ìbàdàn. 1893 ni ibùdó ogun tó tú pátápátá. Ẹ wá wò ó: kálukú padà sábẹ́ ọba tirẹ̀. Ogun ni wọ́n jọ jà, wọn ò jọ dá ìjọba kan sílẹ̀. Lónìí, Ìjẹ̀ṣà wà l'Ọ́ṣun, Èkìtì sì ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ láti 1996.

Senegal àti Gambia náà ńkọ́? Ìdìtẹ̀ gbàjọba 1981 ní Gambia ló sọ wọ́n di Senegambia ní 1982. Ọ̀rọ̀ owó ẹnubodè ò yanjú títí tó fi tú ká ní 1989.

Nígbà tí àgbàrá gba ọ̀nà wa, ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndò, gbogbo wa la pésẹ̀. Wọ́n ṣe gọ́tà tán, èèyàn mẹ́sàn-án ló wá sípàdé tó kọjá! Mo ti kọ àdéhùn kan sílẹ̀ báyìí: àkáǹtì kan, ẹni mẹ́ta tí yóò máa fọwọ́ sí i, ọjọ́ ìṣírò owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tún un ṣe ní Sátidé.